Owó gbà-má-bínú fún àwọn obìnrin tí ogun sọ di ogúnléndé ní Uganda: ibo ni owó yóò ti wá, ta ni yóò sì kàn?

Láti ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 2025 tí àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn ICC, ilé ẹjọ́ àgbáyé tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn ogun, ní The Hague ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún àwọn tí Dominic Ongwen, ọ̀gá ọlọ̀tẹ̀ kan, ṣe lọ́ṣẹ́ ní àríwá Uganda, oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ló ń lọ káàkiri. Àwọn kan ní ICC ti pín mílíọ̀nù 52 owó yúrò fún àwọn obìnrin. Àwọn mìíràn ní ìjọba Uganda ló gba owó náà, tó sì jókòó lé e. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé gbogbo ẹni tó bá ti gbé ibùdó ogúnléndé rí ni yóò rí nǹkan gbà nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó rí bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà sì ti le jù ni ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin, nítorí ohun tí ogun gbà lọ́wọ́ wọn kì í ṣe ohun tí wọ́n lè fi owó rà padà lọ́jà.

Kí ni ilé ẹjọ́ pa láṣẹ gan-an?

Ongwen jẹ́ ọ̀gá ikọ̀ Sinia, ọ̀kan nínú àwọn ikọ̀ Lord's Resistance Army (LRA), ìyẹn àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí Joseph Kony jẹ́ olórí fún. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2021, ICC dá a lẹ́bi ẹ̀sùn 61. Ìpànìyàn wà níbẹ̀, ìdánilóró wà níbẹ̀, kíkó ọmọdé lọ sójú ogun wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìfipábánilòpọ̀, fífi ipá sọ ọmọbìnrin di ìyàwó, àti fífi ipá jẹ́ kí obìnrin wà nínú oyún. Ẹ̀sùn oyún yìí, ICC kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi rẹ̀ rí kó tó kan Ongwen. Wọ́n fi í sẹ́wọ̀n ọdún 25, ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó pè sì forí ṣánpọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 2022.

Lẹ́yìn èyí ló wá kan àtúnṣe fún àwọn tí wọ́n ṣe lọ́ṣẹ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn adájọ́ ṣírò pé èèyàn 49,772 ni ìwà ọ̀daràn Ongwen kàn, tọkùnrin tobìnrin. Wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba 750 yúrò. Wọ́n ya mílíọ̀nù 15 yúrò sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ara, ìtọ́jú ọkàn àti ìrànlọ́wọ́ tí gbogbo wọn yóò jọ máa jẹ àǹfààní rẹ̀, wọ́n sì fi 100,000 yúrò sílẹ̀ fún ìrántí àwọn òkú àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 52.4 yúrò. Kò sí àṣẹ owó gbà-má-bínú mìíràn tí ICC pa ṣáájú rẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

750 yúrò tó bíi mílíọ̀nù mẹ́ta owó ṣílè Uganda. Àwọn adájọ́ fúnra wọn sọ pé àmì lásán ni owó náà, pé kì í ṣe iye ohun tó sọnù. Ẹni tó bá ń sọ ọ́ káàkiri bí ẹni pé iye gbogbo ohun tó sọnù ni, ó yẹ kó mọ èyí.

Báwo ni àwọn obìnrin wọ̀nyí ṣe di ogúnléndé?

Ibi mẹ́rin ni ẹjọ́ Ongwen dá lé lórí: Pajule, tí wọ́n kọlù ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2003, Odek, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2004, Lukodi, ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún náà, àti Abok, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà. Ibùdó ogúnléndé ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn tí wọ́n pa níbẹ̀ ti sá kúrò nílé tẹ́lẹ̀ kí ikú tó bá wọn níbi tí wọ́n sá dé.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló sì sá fúnra wọn. Láti ọdún 1996 ni ìjọba Uganda ti ń kó àwọn ará abúlé ní ilẹ̀ Acholi lọ sínú ibùdó, wọ́n ní kí àwọn ọlọ̀tẹ̀ má baà rí oúnjẹ àti ọmọ jí gbé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2002, àwọn ológun fún gbogbo ẹni tó kù ní abúlé ní wákàtí 48 péré láti kó wọ ibùdó. Ẹni tí wọ́n bá bá lóko lẹ́yìn ìyẹn, ọlọ̀tẹ̀ ni wọn yóò kà á sí. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2005, ó tó mílíọ̀nù 1.8 èèyàn tó wà ní ibùdó káàkiri àríwá Uganda, tí nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn ará Acholi sì wà lára wọn.

Ahéré tí wọ́n fi koríko bo orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé, tí òrùlé ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ti èkejì. Bí iná bá sọ lára ọ̀kan, kí wọ́n tó bu omi, ogún ti jó. Àwọn obìnrin ló ń tò sídìí omi láti ìdájí, àwọn náà ló sì ń yọ́ jáde lọ wá igi ìdáná àti ẹ̀gẹ́ nínú oko tí wọ́n ti fi sílẹ̀. Lójú ọ̀nà yẹn ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti ń jí wọn gbé, ibẹ̀ náà sì ni àwọn sójà kan ti ń fi ipá bá wọn lò pọ̀. Ìwádìí tí ilé iṣẹ́ ètò ìlera Uganda àti àjọ ìlera àgbáyé WHO ṣe ní ọdún 2005 fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 èèyàn tó ń kú lọ́sẹ̀ kan ju iye tó yẹ kó máa kú lọ. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru, kòkòrò HIV àti ìwà ipá ló ń pa wọ́n.

Ìjọba ṣì ń sọ títí di òní pé ààbò ló mú kí àwọn kó wọn jọ. Àwọn tó gbé ibẹ̀ máa ń dáhùn pé sójà tó ń ṣọ́ wọn kéré, pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń wọlé wọ́n ń jáde bó ṣe wù wọ́n. Orí awuyewuye yìí ni ìbéèrè ẹni tó yẹ kó sanwó dúró lé.

Ta ni yóò san owó náà?

Lábẹ́ òfin ICC, ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ni gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ongwen kò ní kọ́bọ̀. Ọmọ bíi ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ jí òun náà gbé lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, inú igbó ló dàgbà sí kó tó wá jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2015. Àwọn adájọ́ ṣàyẹ̀wò, wọ́n rí i pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, ICC máa ń yíjú sí àpò kan tí wọ́n ń pè ní Trust Fund for Victims. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Àpò yìí kì í ṣe owó orí tí àwọn orílẹ̀-èdè ń san ní dandan. Ẹ̀bùn ni. Orílẹ̀-èdè tó bá wù ló ń dá sí i, iye tó bá sì wù ú ni. Nígbà tí wọ́n dá Germain Katanga ti ilẹ̀ Kóńgò lẹ́bi, èèyàn 297 péré ni wọ́n ní kí wọ́n fún ní 250 dọ́là lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ní ọdún 2017, apá àpò náà sì ká a. Iye àwọn ti Ongwen fi nǹkan bí ìlọ́po 167 ju ìyẹn lọ. Kò sí mílíọ̀nù 52 yúrò tó wà nílẹ̀ tí ẹnì kan jókòó lé. Wọ́n ní láti lọ máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìjọba àti àwọn olówó ni, kí wọ́n sì máa fún àwọn èèyàn bó bá ṣe ń wọlé. Àwọn arúgbó, àwọn aláìsàn àti àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé fi dúró ni àwọn adájọ́ ní kó ṣíwájú.

Ilé ẹjọ́ kan ní Uganda fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga tó jókòó ní Gulu dá Thomas Kwoyelo, ọ̀gá mìíràn nínú LRA, lẹ́bi ẹ̀sùn 44, wọ́n sì fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún 40 ní oṣù Kẹwàá. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, àwọn adájọ́ rí i pé tálákà ni òun náà, wọ́n wá ní kí ìjọba Uganda san iye tó lè tó mílíọ̀nù 10 ṣílè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lára àwọn tó forúkọ sílẹ̀ nínú ẹjọ́ náà, nítorí ìjọba ló kùnà láti dáàbò bo àwọn ará ìlú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ilé ẹjọ́ Uganda yóò gbé irú ẹrù yìí lé ìjọba lórí nínú ọ̀rọ̀ LRA. Ẹ wo bó ṣe rí: obìnrin méjì lè jẹ irú ìyà kan náà lọ́wọ́ ọlọ̀tẹ̀ kan náà, kí The Hague ní kí ọ̀kan gba mílíọ̀nù mẹ́ta, kí Gulu ní kí èkejì gba iye tó lè tó mílíọ̀nù mẹ́wàá, kí ẹ̀kẹta tí ẹjọ́ kankan kò kàn má rí nǹkan kan gbà.

Ṣé gbogbo ẹni tó gbé ibùdó ló kàn?

Rárá o. Àwọn tí àṣẹ ICC kàn ni àwọn tó wà ní ibùdó mẹ́rin yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n kọlù wọ́n, àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin tí ikọ̀ Sinia jí gbé láàárín oṣù Keje ọdún 2002 sí ìparí ọdún 2005, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú ìgbèkùn yẹn, àwọn ọmọdé tí ikọ̀ náà fi jagun, àti àwọn mọ̀lẹ́bí wọn kan. Lílé tí wọ́n lé èèyàn kúrò nílé kò sí lára ẹ̀sùn 61 náà rárá. Obìnrin tó lo ọdún mẹ́wàá ní ibùdó tí ìkọlù kò dé, tí oko rẹ̀ di igbó, tí ọmọ rẹ̀ méjì kú níbẹ̀, kò sí nínú ìwé.

Barlonyo, níbi tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti pa èèyàn tó lé ní 300 ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2004, kò sí nínú ẹjọ́ Ongwen. Atiak, tí ìpakúpa wáyé ní oṣù Kẹrin ọdún 1995, kò lè sí níbẹ̀ láéláé, torí pé ICC kò ní agbára lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú oṣù Keje ọdún 2002. Bẹ́ẹ̀ ìbànújẹ́ kan náà ni.

Kí ló dé tí ti obìnrin fi le ju ti ọkùnrin lọ?

Lẹ́yìn tí ìjọba àti LRA fọwọ́ sí ìwé dídá ogun dúró ní Juba ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, àwọn ibùdó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká díẹ̀díẹ̀. Ìjọba ní kí oníkálukú padà sílé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn Acholi, ìdílé ọkùnrin ló ni ilẹ̀. Obìnrin a máa dáko lórí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ tàbí ti bàbá rẹ̀. Opó tí ọkọ rẹ̀ kú sí ibùdó, tí wọn kò tíì san owó ìyàwó rẹ̀ tán, dé abúlé ó bá àbúrò ọkọ lórí oko. Wọ́n ní kì í ṣe ìyàwó ilé. Ó padà sílé bàbá rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní ilé ọkọ ni ipò obìnrin.

Òfin ilẹ̀ Uganda ti ọdún 1998 ní ọkọ kò lè ta ilẹ̀ tí ìdílé ń jẹ láìjẹ́ pé ìyàwó fọwọ́ sí i. Òfin tó dára ni, àmọ́ ẹni tí ẹbí kò kà sí ìyàwó ń kọ́? Àwọn àgbà tó mọ ààlà ilẹ̀ ti kú tán ní ibùdó, igi tí wọ́n fi ń mọ ààlà ti di èédú, ibojì tí wọ́n sì fi máa ń fi hàn pé ibí ni ìdílé lágbájá wà, ibòmíràn ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Èyí ló ń mú kí ọ̀rọ̀ ibojì inú ibùdó di ẹjọ́: onílẹ̀ ibi tí ibùdó wà tẹ́lẹ̀ fẹ́ dáko sórí ilẹ̀ rẹ̀, ó ní kí wọ́n wá hú òkú wọn lọ. Húhú òkú ní ètùtù tirẹ̀, ó ní ewúrẹ́ tirẹ̀. Ìyá tó sin ọmọ síbẹ̀ ni yóò wá owó náà.

Ti àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ LRA tún burú jù. Wọ́n kó wọn lọ ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, méjìlá, wọ́n pín wọn fún àwọn ọ̀gá ogun, wọ́n padà dé tàwọn tọmọ. Lábẹ́ àṣà Acholi, ọkùnrin gbọ́dọ̀ san owó luk kí ọmọ tí wọ́n bí láìsí ìgbéyàwó tó lè di ti ìdílé rẹ̀. Ta ni yóò san luk fún ọmọ tí wọ́n bí sínú igbó, tí bàbá rẹ̀ ti kú tàbí tí orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an? Ọmọkùnrin irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ti di géńdé báyìí, kò ní ilẹ̀ tó lè kọ́lé sí, bí wọ́n bá bínú sí i, wọn a pè é ní ọmọ Kony. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn obìnrin náà fi máa ń mẹ́nu ba ilẹ̀ àti owó ilé ìwé ọmọ ṣáájú owó ọwọ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń fẹ́.

Ẹ̀rí náà tún jẹ́ wàhálà kan. Àwọn adájọ́ ICC gbìyànjú láti mú un rọrùn: ẹni tó bá ti fi hàn pé òun wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, wọn kò ní bi í léèrè ẹ̀rí ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbà pé ọgbẹ́ wà. Àwọn agbẹjọ́rò Ongwen tako àṣẹ náà, wọn kò rí i mú. Síbẹ̀ obìnrin náà ṣì gbọ́dọ̀ jáde wá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fẹ́ ọkọ mìíràn tí wọn kò sọ fún un pé àwọn dé inú igbó rí. Bí mọ́tò àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí aládùúgbò sì rí i, àṣírí tú nìyẹn. Elòmíràn yóò yáa fi owó náà sílẹ̀.

Ṣé owó ọwọ́ ló dára ni, àbí iṣẹ́ fún gbogbo ìlú?

Èrò kò ṣọ̀kan lórí èyí. Àwọn kan ní kí wọ́n fi owó náà kọ́ ilé ìwòsàn àti ilé ìwé, torí pé kò sí ẹni tí ogun kò kàn, owó tí wọ́n bá sì fún ẹnì kan láì fún aládùúgbò rẹ̀ lè dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tí wọ́n ṣe lọ́ṣẹ́ dáhùn pé ilé ìwé àti ilé ìwòsàn jẹ́ ojúṣe ìjọba fún gbogbo ará ìlú, ogun jà o, ogun kò jà o, pé kí ẹnikẹ́ni má fi gbà-má-bínú ti àwọn ṣe é. Àwọn adájọ́ mú díẹ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti àwọn obìnrin, ohun tó ń kọ wọ́n lóminú ni ọwọ́ tí owó yóò bọ́ sí. Owó tí wọ́n bá fún ilé, olórí ilé ni yóò gbà á. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi í ránṣẹ́ sórí fóònù, káàdì ìdánimọ̀ ni wọ́n fi ń forúkọ nọ́ńbà sílẹ̀ ní Uganda, kì í sì í ṣe gbogbo obìnrin abúlé ló ní in.

Kí ni ìjọba Uganda ti ṣe?

Ní ọdún 2014, àwọn obìnrin tó bọ́ lọ́wọ́ LRA, tí wọ́n kóra jọ sábẹ́ Women's Advocacy Network ní Gulu, gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ sí ilé aṣòfin ní Kampala. Ilé aṣòfin gbà á, wọ́n sì fẹnu kò pé kí ìjọba dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn obìnrin àti ọmọ tí ogun ṣe lọ́ṣẹ́. Ìpinnu náà kò di òfin. Ní ọdún 2019, ìjọba gbé ìlànà orílẹ̀-èdè kan jáde lórí ìdájọ́ òdodo lẹ́yìn ogun, ó mẹ́nu ba àtúnṣe fún àwọn tí wọ́n ṣe lọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ìlànà kì í ṣe òfin tí èèyàn lè gbé lọ sílé ẹjọ́.

Èyí tí ìjọba ń san díẹ̀díẹ̀ ni owó màlúù tó sọnù nígbà ogun ní Acholi, Lango àti Teso. Ọkùnrin ni wọ́n máa ń kà sí ẹni tó ni màlúù, nítorí náà ọ̀pọ̀ obìnrin kò ní ohun tí wọ́n lè béèrè níbẹ̀.

Kí ló kan Nàìjíríà nínú rẹ̀?

Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìlú Kampala ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti fọwọ́ sí àdéhùn lórí àwọn tó sá kúrò nílé láì kúrò ní orílẹ̀-èdè wọn, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009. Abala kejìlá rẹ̀ ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe òfin tí yóò jẹ́ kí wọ́n rí owó gbà-má-bínú àti àtúnṣe tó tọ́ gbà. Nàìjíríà tẹ́wọ́ gba àdéhùn yìí ní ọdún 2012. A ní ìlànà orílẹ̀-èdè lórí àwọn ogúnléndé láti ọdún 2021, àmọ́ ìlànà kì í ṣe òfin tí obìnrin tí Boko Haram lé kúrò ní Bama tàbí Gwoza lè fà yọ pé gbèsè tèmi nìyí. Victims Support Fund tí ìjọba Jonathan dá sílẹ̀ ní ọdún 2014, ìrànlọ́wọ́ ló ń ṣe. Ẹni tó ń ṣèrànlọ́wọ́ lè dá a dúró nígbà tó bá wù ú, ẹni tó jẹ gbèsè kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìyẹn.

Láti ọdún 2021 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Borno ti ń ti àwọn ibùdó ńlá inú Maiduguri pa, tí wọ́n ń dá àwọn èèyàn padà sí ìlú wọn. Ìbéèrè tó dìde ní Acholi lẹ́yìn ọdún 2006 ló tún ń dìde níbẹ̀: opó yóò padà sórí ilẹ̀ ta? Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní ìyàwó Boko Haram, ta ni yóò gba òun àti ọmọ rẹ̀ sílé? Àwọn kan lára wọn ń bínú pé láti ọdún 2016 ni ìjọba ti ní ètò Operation Safe Corridor tó ń kọ́ àwọn tó jáde kúrò nínú Boko Haram níṣẹ́ ọwọ́. Ìjọba ní ètò yẹn ń dín ogun kù ni. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2020, Fatou Bensouda, tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ICC nígbà náà, ní ẹ̀rí tó láti ṣèwádìí Boko Haram àti àwọn agbófinró Nàìjíríà. Ẹjọ́ kankan kò tíì jáde nínú ìyẹn, ẹni tí wọn kò bá sì dá lẹ́bi, kò sí àṣẹ owó gbà-má-bínú tó lè tẹ̀lé e.

Ibo ni ọ̀rọ̀ dé báyìí?

Àṣẹ Ongwen ti fìdí múlẹ̀, kò sí kòtẹ́milọ́rùn mọ́. Ohun tó kù ni wíwá owó, wíwá àwọn tí orúkọ wọn kò tíì sí nínú ìwé, àti bí owó yóò ṣe dé ọwọ́ obìnrin láìtú àṣírí rẹ̀. Èèyàn tó lé díẹ̀ ní 4,000 ló kópa nínú ẹjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ṣe lọ́ṣẹ́, nítorí náà àwọn tó ju 45,000 lọ ni wọ́n ṣì ní láti wá rí ní abúlé kan sí òmíràn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ICC jókòó lórí ẹ̀sùn 39 tí wọ́n fi kan Kony láìsí òun fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Ìgbẹ́jọ́ kò lè bẹ̀rẹ̀ àyàfi tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́. Àwọn obìnrin tí ẹjọ́ Kony nìkan ló lè kàn ń dúró dè é, àwọn tí wọ́n sì jẹ́ ọmọdébìnrin nígbà tí wọ́n wọ ibùdó ní ọdún 1996 ti ń lọ sí ogójì ọdún báyìí.